Ó jáde ni, àbí ó dànù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yan gàrí rí ní Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ pé kíkan yẹn kì í ṣe ara ẹ̀gẹ́ látilẹ̀, ọjọ́ tó fi wà nínú àpò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bakitéríà ń jẹun nínú ẹ̀, wọ́n sì ń tu ásíìdì síta. Ohun tí wọ́n tu síta yẹn là ń tọ́ wò tá a fi ń sọ pé gàrí yìí kan dáadáa.

Iṣẹ́ tèmi ò jìnnà síyẹn, àwọn bakitéríà tó ń fa àìsàn ni tèmi ṣá. Nígbà tí mo sọ fún àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé a máa ń tọ́ wọn sínú omi, a máa sẹ́ wọn kúrò, a máa wá wọn ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú omi yẹn, wọ́n ní "Ṣé gbogbo owó ilé ìwé tá a san náà nìyẹn?" Mo ní kí wọ́n ṣáà máa fi àdúrà tì mí lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tu síta ló ń pa èèyàn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1959, ní Calcutta, Sambhu Nath De sẹ́ bakitéríà onígbáméjì kúrò, ó fi omi tó kù nìkan sínú ìfun ehoro, ìfun sì kún fọ́fọ́ fún omi. Bakitéríà kankan ò sí ńbẹ̀ mọ́ o! Májèlé wọn, tó jẹ́ púrótéènì, ló ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí De ò ní ni irú mass spectrometer tòde òní, ẹ̀rọ tó ń wọn ohun tó kéré gan-an, tó sì lè dárúkọ ọ̀pọ̀ púrótéènì inú omi lẹ́ẹ̀kan náà. A máa fi trypsin, èròjà tó ń gé púrótéènì, gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ á fi iná mọ̀nàmọ́ná sí ègé kọ̀ọ̀kan lára, á jẹ́ kó fò níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, á wọ̀n ọ́n, á fọ́ ọ, á tún wọn àfọ́kù ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá lọ wo jíìnì tó bá ìwọ̀n yẹn mu (àkójọ jíìnì bakitéríà TB, ìyẹn ikọ́ fée, ti wà nílẹ̀ látọdún 1998, bíi 4,000 jíìnì). John Fenn àti Koichi Tanaka gba Nobel ní 2002 torí pé wọ́n mọ bí púrótéènì ńlá ṣe lè fò láìfọ́ yángá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó fún un ní nǹkan. Tí awọ ara ẹ bá já sínú ẹ̀, á wọn ìyẹn náà. Èyí tiẹ̀ rọrùn, bakitéríà tó kú ló burú, torí tó bá ti bẹ́, gbogbo inú ẹ̀ dà sómi nìyẹn, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ ohun tó jáde. A máa ń ṣọ́ púrótéènì bíi GroEL, tó yẹ kó jókòó sínú bakitéríà, tó bá ti pọ̀ jù nínú omi, omi ti bàjẹ́.

Ẹnì kan á ní ká kúkú wo jíìnì, ṣebí ọ̀pọ̀ púrótéènì tó ń jáde ló ní àmì níwájú tó ń sọ pé kó jáde. ESAT-6, púrótéènì kan tí bakitéríà TB ń tu síta, ò ní in o, inú omi ni wọ́n ti rí i, 2003 ni wọ́n tó mọ ilẹ̀kùn tó ń gbà jáde, ESX-1. Iṣẹ́ ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré: bakitéríà inú abẹ́rẹ́ BCG tó fi àpá sí wa lápá ti sọ jíìnì ESAT-6 àti ti púrótéènì míì, CFP-10, nù, ìdí nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún TB tó ń lo àwọn méjèèjì kì í fi ṣi ẹni tó gba BCG mú, bí tẹ́ẹ̀sì ara awọ ṣe máa ń ṣe.

Ohun tó ń dá mi lójú ni kéèyàn ba ilẹ̀kùn yẹn jẹ́ lára bakitéríà kan, kó wá wọn omi tiẹ̀ àti omi èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì dáa. Tí púrótéènì bá pòórá nínú omi àmọ́ tó ṣì wà nínú bakitéríà, ó ti jẹ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá kó orúkọ jọ gbọọrọ fún mi láìsí ìfiwéra yìí, mi ò ní kà á tán, ẹ má bínú.