Ọkọ̀ Tó Mọ Aago

Nílé, tí wọ́n bá bi mí pé aago mélòó ni mo máa dé Èkó láti Abẹ́òkúta, ìdáhùn mi kì í ju, "Ó dìgbà tí mo bá dé." Mi ò fi ṣe ìgbéraga. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n mo ti fi wákàtí kan àbọ̀ rìn ín rí, mo sì ti fi wákàtí márùn-ún rìn ín rí, lọ́jọ́ tí tírélà kan dábùú ọ̀nà ní Sàngó. Ẹni tó ń retí mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀, a sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé Guangzhou ní Ṣáínà, ohun tó sì kọ́kọ́ yí padà lára mi níbẹ̀ ni bí mo ṣe ń ka aago.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa mú àwọn oníbàárà láti Èkó àti Kútọnu lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà: táìlì àti àga ní Foshan, àwọn nǹkan kéékèèké orí àtẹ ní Yiwu. Ìtòsí Xiaobei ni mo ń gbé, àdúgbò tí àwọn oníṣòwò adúláwọ̀ mọ̀ bí ẹni mowó. Láàárọ̀, mo máa wọ mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní ìlà karùn-ún. Ibùdókọ̀ kan péré, mo ti dé sítéṣọ̀n rélùwéè àtijọ́ Guangzhou. Ibẹ̀ ni màá ti bọ́ sí ìlà kejì, tí yóò gbé mi dé òpin ọ̀nà ní Guangzhou Nan, sítéṣọ̀n ńlá apá gúúsù, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù ti ń gbéra.

Kí ó tó di pé o wọ mẹ́tírò, o gbọ́dọ̀ ki báàgì rẹ sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò. Bí omi bá wà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n lè ní kó o mu díẹ̀ níṣojú wọn. Lẹ́yìn náà, gbé fóònù sójú ẹ̀rọ, irin á yà, o kọjá. Owó tó kéré jù ni yuan 2, bí o bá ṣe rìn jìnnà sí ló ṣe ń gorí. Kò sí kọ́ńdọ́ tó ń pariwo pé kí ẹ mú ṣéńjì dání. Ohùn kan ló ń pe orúkọ ibùdókọ̀ ní Mandarin, á pè é ní Cantonese tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀, á tún pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, "Ó wà o!" ṣì máa ń sáré wá sẹ́nu mi tí mo bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Màá gbé e mì. Àárò ilé máa ń sọ mí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ìgbádùn ni gbogbo rẹ̀ o. Ẹ dé ìlà kẹta ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní Tiyu Xilu, ẹ ó rántí Òṣòdì ayé àtijọ́. À ń fún ara wa pa níbẹ̀ ni, ìyàtọ̀ kan ni pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ìlà tó wú mi lórí jù ni èyí tó lọ sí Foshan, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010. Ìlú ọ̀tọ̀ ni Foshan, ìjọba ìlú tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, síbẹ̀ mẹ́tírò so ó mọ́ Guangzhou. Ẹ wò ó bí ẹni pé ọkọ̀ gbéra ní Agége, kò dúró títí ó fi wọ àárín Ọ̀tà. Ìlà pupa tí Èkó fi bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 dé Àgbàdó, létí ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn, ó dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó làwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tó jẹ́ pé Ògùn ni wọ́n ń sùn! Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Ti ọ̀nà jíjìn tún yàtọ̀. Orúkọ rẹ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún kejì tí mo débẹ̀, mo bẹ ajẹ́ńtì kan pé kó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì sí Yiwu, tèmi àti ti ìyá kan tó wá láti ọjà Balógun. Ajẹ́ńtì náà tẹ nọ́ńbà mi ṣì, ó fi 6 sípò 8. A dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yẹ ti ìyá wò, ìyá kọjá. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo páásípọ́ọ̀tù mi, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún wo páásípọ́ọ̀tù. Ó fi ìka tọ́ 8 yẹn, ó mi orí. Mo bẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń bẹ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà nílé. Kò bínú, kò gbóhùn sókè, ìka rẹ̀ ṣáà ń padà sórí 8 náà ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n máa ń ti ẹnu ọ̀nà yẹn. Bí mo ti dúró, wọ́n tì í. Ìyá pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ ni?" Mo ní kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀. Àyà mi ń já títí mo fi bá wọn ní Yiwu lálẹ́. Èmi tí mo ti rìn láti Ṣágámù dé Kano láìsí ẹni tó bèèrè orúkọ mi! Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọkọ̀ náà, àga márùn-ún ló wà lórí ìlà kan: A, B, C lápá kan, D àti F lápá kejì. E kò sí. Omi gbígbóná wà ní ìparí kóòṣì kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ làwọn èrò ti ń po núdùlù wọn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọkọ̀. Láti Guangzhou dé Beijing jẹ́ 2,298 kìlómítà, nǹkan bí ìlọ́po méjì Èkó sí Kano. Láti oṣù kejìlá ọdún 2012 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà, nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ ló ń gbà.

Síbẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọkọ̀ tó ń rọra lọ, tó lè lo ogún wákàtí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà kan náà. Ibùsùn mẹ́ta ló gun ara wọn lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, kò sí ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, obìnrin tó ń bójú tó kóòṣì gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó fún mi ní káàdì kan dípò rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé, ó wá jí mi, ó dá tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Ó mọ ibi tí oníkálùkù ń lọ. Ìyá àgbà tó wà ní ibùsùn ìsàlẹ̀ da ẹ̀pà sísè sí mi lọ́wọ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí, mi ò gbọ́ ju "jẹ" lọ. Mo jẹ ẹ́. Ẹ̀pà náà kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan, CCECC, ló ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún 2023, èmi àti màmá mi wọ̀ ọ́ láti sítéṣọ̀n Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ọ̀nà jìn láti ilé wa dé sítéṣọ̀n yẹn, iye ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ lóòjọ́ ò sì kún ọwọ́. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn. Irin ti wà nílẹ̀, kò yẹ kó máa sùn.

Màmá mi di móínmóín dání bí ẹni tó ń lọ Jos. Ọkọ̀ gbéra ní ìṣẹ́jú gan-an tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n pe àbúrò mi ní Súrùlérè, wọ́n sì dárúkọ aago tí a máa dé fún un. Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Àbúrò mi ní, "Màmá, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá ti sún mọ́." A dé, òun ò tíì kúrò ní Ojúẹlẹ́gbà, súnkẹrẹ fàkẹrẹ mú un mọ́lẹ̀. Màmá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n tú móínmóín, gbogbo ẹni tó bá jókòó tì wọ́n ni wọ́n ń sọ fún pé ọkọ̀ àwọn ti dé tipẹ́, ọmọ àwọn ló kù.