Yàrá Tí Mo Tì Pa Ní Sùúrùlérè

Ọ̀rọ̀ kan tí ọmọbìnrin kan sọ sí mi níbi iṣẹ́ ní oṣù tó kọjá ni mo gbé wá sí Èkó bí ẹni gbé ẹ̀gún sínú àtẹ́lẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland ti Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì ni òun náà, kò sì tíì ju ọmọ ọdún 33 lọ. A jókòó níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, ó ń ṣàròyé pé ilé tí òun àti ọkọ òun fẹ́ rà tún ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìkẹta irú rẹ̀ láàárín ọdún kan, mo sì fi ẹnu mi tí kì í dákẹ́ sọ pé kí ó ní sùúrù, pé èmi náà dúró kí n tó rí tèmi rà. Ó pe orúkọ àbísọ mi gbàgà, bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́hùn-ún láìwo ti ewú orí ẹni, ó sì bi mí pé yàrá mélòó ni ó wà nínú ilé mi. Mo ní mẹ́rin. Ó ní àwa mélòó ni a ń gbé ibẹ̀. Mo ní èmi nìkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin boomer lẹ jókòó lé gbogbo ilé. Ẹ kò kúrò, ẹ kò sì kú."

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bá a jà sí ni pé mi ò sí nínú ọ̀wọ́ tí ó ń bú. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn tí wọ́n bí láàárín 1946 sí 1964, lẹ́yìn ogun Hítílà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀; 1966 ni wọ́n bí mi, ọdún tí àwọn ológun kọ́kọ́ gba ìjọba nílé wa, nítorí náà ọdún méjì péré ni mo fi yọ. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ka àwọn ìran tí ó tẹ̀ lé wọn, X, Y, Z, bí ẹni ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Lẹ́tà X ni wọ́n fún mi.

Nígbà tí ìbínú mi rọlẹ̀, mo rí i pé ọmọ náà kò purọ́. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun yẹn pọ̀ púpọ̀, wọ́n sì rí ilé rà nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn tí wọ́n bí láàárín 1981 sí 1996 ti wá pọ̀ jù wọ́n lọ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ àwọn àgbà inú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ba owó ni ọjà ilé dojú dé ní 2008, tí àwọn kọ́lékọ́lé sì dín ilé kíkọ́ kù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ́lékọ́lé ni mo wí o, kì í ṣe kólékólé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ṣọwọ́ pọ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn wá kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ilé kò kárí. Ìwádìí tí National Association of Realtors, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ilé lọ́hùn-ún, gbé jáde ní 2024 fi hàn pé ìdajì àwọn tí ó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ti tó ọmọ ọdún 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́bí mi gan-an, tí ó ti pé ọdún 32, ṣì ń háyà ilé ní Texas.

Síbẹ̀, mo ní àwíjàre. Ní 2010, nígbà tí ilé di ọ̀pọ̀, ni mo yá owó ra tèmi, mo sì tún ìwé gbèsè rẹ̀ ṣe ní 2021 nígbà tí èlé kò pé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2023, irú èlé kan náà ti ń sún mọ́ ìdá 8. Bí mo bá ta ilé oníyàrá mẹ́rin kí n lọ yá owó tuntun ra oníyàrá méjì, owó tí n ó máa san lóṣooṣù lè ju èyí tí mo ń san lọ. Ta ni ó ń fi màlúù pààrọ̀ adìyẹ kí ó tún fi owó lé e? Kì í ṣe agídí ni ó mú mi jókòó, èlé ni. Mo ti to gbogbo àlàyé yìí sórí ahọ́n láti fi dá ọmọbìnrin náà lóhùn, kí ìpè tó dé láti Èkó pé màmá mi ṣubú.

Inú ilé tí bàbá mi kọ́ sí Sùúrùlérè ni wọ́n ṣubú sí, ẹ sì mọ irú ilé tí mo ń wí. Ilé bàbá bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó wà nínú àwọn tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, wó nígbà tí wọ́n ní àwọn ń tún àárín ìlú ṣe láti 1955, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, tí ó ṣì jẹ́ oko lójú ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Agbo ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ikọ́ ara wọn lóru fọ́nká sínú àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n tò bí páálí ìṣáná. Bàbá mi máa ń sọ pé ilé tí wọ́n wó kọ́ ni ó dun bàbá àwọn jù, bí kò ṣe pé wọn kò gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ láàárọ̀. Nítorí náà ni bàbá mi ṣe pinnu pé ilé tí àwọn bá kọ́ gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọmọ àwọn. Wọ́n ra ilẹ̀ lẹ́bàá Lawanson, wọ́n ń kó búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù bí owó oṣù bá ti wọlé, láìsí ilé-ìfowópamọ́ kankan nídìí rẹ̀, wọ́n sì fi owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, kan òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní 1975. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n pín yàrá òkè fún. Èmi wà ní Maryland, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London, àbúrò mi obìnrin wà ní Toronto, àbíkẹ́yìn wa ti kú. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Màmá mi, ẹni ọdún 84, ṣubú sínú ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru. Fóònù wọn wà ní páálọ̀. Àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Màmá ní àwọn ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹ̀gbọ́n mi títí dé orí ẹni tí ó ti kú. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ta ni kí àwọn tún pè? Orí táìsì ni wọ́n wà títí ìyá oníbúrẹ́dì fi kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀.

Kọ́láwọlé ni wọ́n pè. Ọmọ ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ọdún 31, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìfowópamọ́ kan ní Marina, Ìkòròdú ni ó sì ń gbé, níbi tí ó ti ń jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Ó ti wá ilé títí ní Yaba, ní Èbúté Mẹ́tta, ní Sùúrùlérè níbí. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka òfin yẹn sí onílé létí yóò lọ sùn lórí òfin náà. Ọdún méjì ni wọ́n ń bi í, pẹ̀lú owó ájẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì, àti owó mìíràn tí onílé yóò dì mú nítorí bí ó bá ba nǹkan jẹ́. Àwọn àna rẹ̀ sì ń béèrè ibi tí ọmọ àwọn yóò wọ̀ sí. Kọ́láwọlé ni mo pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Irú rẹ̀ kò ṣeé kà. Bí a bá to gbogbo ọmọ Nàìjíríà sórí ìlà, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ, èyí ni pé àwọn tí yóò wá yàrá lẹ́yìn Kọ́láwọlé ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé. Mo sì fi ẹsẹ̀ rin òpópónà wa ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo ka ilé mẹ́fà tí ìyá arúgbó kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé nígbà tí àwọn tí wọ́n kọ́ yàrá fún wà ní òkè òkun.

Kọ́láwọlé ti bẹ màmá mi fún yàrá kan ní ọdún méjì sẹ́yìn. Èmi ni Màmá pè láti béèrè. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mo ń lọ síbi iṣẹ́ òru, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní yàrá mi o, mo ń bọ̀ wálé." Mo ti ń bọ̀ wálé láti 1996.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ mi láti ọdún náà, nínú agolo bísíkíìtì tí mo ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Mo gbé e wá. Ó wọ inú àgádágodo, kò yí. A ta epo sí i, kò yí. Kọ́láwọlé lọ yá ayùn irin lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó wà níwájú ilé, ó sì rẹ́ ẹ. Mo bá kàlẹ́ńdà ìjọ wa ti 1996 lára ògiri, pọ́tímántò kan, aṣọ nọ́ọ̀sì mi funfun tí ikán ti jẹ lọ́rùn, àti bàtà gogoro, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òsì wọlẹ̀ sí. Yàrá mẹ́ta ṣì kù. Mi ò tíì pe London.

Màmá pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì pé ta ni ó ń rẹ́ irin nílé àwọn. Mo ní Kọ́láwọlé ni, pé ó ń kó bọ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Owó ọdún méjì ni yóò san. Kí ó mú ti àgírímẹ́ǹtì dání." Ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ayùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé òfin ní ọdún kan. Wọ́n bi mí bóyá òfin náà ni ó kan òrùlé.