Ohun tí iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ kọ́ mi: ẹ gbé e jáde!

Kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ mi pé jẹnẹrétọ̀ wo ló dára, ẹ sọ ibi tí ẹ máa gbé e sí fún mi ná. Ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ojúlé kọjú síra, tí kò sí gbàgede lẹ́yìnkùlé, kò ì tíì tó jẹnẹrétọ̀ rà, bó tilẹ̀ lówó lọ́wọ́. Fáànù àti iná tó ń gba ṣáájì ni kó rà, tàbí inverter kékeré tó ń lo bátìrì. Àwọn kan máa ní oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mí, kí ló dé tí mò ń lé oníbàárà? Ẹ jẹ́ n máa lé wọn.

Èéfín dúdú tẹ́ ẹ ń fojú rí kọ́ ló ń pani. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide: kò láwọ̀, kò lóòórùn. Téèyàn bá mí i símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá lọ, ó sì máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa káàkiri ara, àmọ́ kò ní rí ọ́síjìn gbé mọ́. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ẹsẹ̀ á rọ. Ibà ni ọ̀pọ̀ máa ń rò pó jẹ́. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìkankan nínú rẹ̀, ojú oorun ló máa gbà lọ. Tí orí bá ń fọ́ bàbá, ìyá àtọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fúyẹ́ tí wọ́n bá jáde síta, ẹ má lọ ra oògùn ibà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀!

Ó kéré tán, kó fi mítà 6 jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tiyín àti ti aládùúgbò, kí ẹnu sàlẹ́ńsà sì kọ ẹ̀yìn sílé. Kọ́rídọ̀ kọ́, bákónì kọ́, ilé ìdáná kọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọ́. “Mo ṣí fèrèsé” kò gbani. Fèrèsé yẹn gan-an ni atẹ́gùn máa ń gbé èéfín gbà wọlé. Mo mọ̀ pé olè ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé. Ẹ ri irin mọ́ sìmẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ fi ṣéènì dè é, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò onírin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, páànù lórí nítorí òjò. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Tí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sùn.

Ti bó ṣe máa tóbi tó kò le. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 100, fáànù méjì 150, gílóòbù márùn-ún 50, fíríìjì 150: 450 ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí fíríìjì bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìdí nìyẹn tí kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour fi máa ń kú lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó ń gbé wáàtì 2,000 máa gbé ẹrù yìí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kọjá wáàtì 1,600. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan pọ́ńpù omi, ẹ yọ fíríìjì ná. I-better-pass-my-neighbour yẹn ló ń fẹ́ ọ́ìlì nínú epo, mílílítà 20 ọ́ìlì nínú lítà epo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé, písítìnì rẹ̀ máa dì. Àwọn tó ń gba ọ́ìlì lọ́tọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100-100.

Ẹ tàn án láìsí ẹrù lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó yí changeover, ìyẹn ohun tó ń gbé ilé kúrò lórí iná NEPA bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Wáyà tó ní pílọ́ọ̀gì lórí méjèèjì tí àwọn kan ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gé e jù nù: iná yín máa gba ibẹ̀ lọ sórí òpó, ó lè pa òṣìṣẹ́ NEPA tó wà lókè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da epo sí i, ẹ pa á, kó tutù fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi àbẹ́là yọjú sínú táǹkì.

Ẹ jẹ́ n padà sórí èéfín. Tẹ́ ẹ bá bá ẹni tó ti dákú nínú ilé, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kẹ́ ẹ wọ́ ọ jáde kíákíá. Ẹ má dúró tì í níbẹ̀, ẹni tó wọlé gbani náà lè ṣubú tẹ̀ lé e. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní mílíìkì. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì yìí wà, kì í ṣe inú ikùn, ẹni tó dákú kò sì lè gbé nǹkan mì: ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn máa bá lọ. Ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì ti ẹnu ọ̀nà sọ fún nọ́ọ̀sì pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n má bàa lọ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ibà.