Kí ọ̀rọ̀ já gaara nínú orin ìjìnlẹ̀ Íńdíà

Ọ̀pọ̀ akọrin ní Èkó gbà pé ohùn ló ṣe pàtàkì jù nínú orin Íńdíà, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Inú fíìmù ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, wọn ò sì gbọ́ èdè náà. Èmi ò fara mọ́ èrò yìí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orin wọn dáadáa, ẹnu ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan ọ̀fun.

Nínú Yorùbá, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: igbá yàtọ̀ sí igba, igba yàtọ̀ sí ìgbà. Híńdì, èdè tó gbilẹ̀ ní àríwá Íńdíà, kò ní irú èyí. Ìdí nìyẹn tí orin wọn fi lè gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó yí bó ṣe wù ú, tí ìtumọ̀ ò ní yẹ̀. Ibòmíì ni ọ̀rọ̀ tiwọn ti ń bàjẹ́. "Din" tí a pè ní kúkúrú ni ọjọ́. Tí a bá fà á di "diin", ó di òtòṣì. "Bal" ni agbára, "baal" ni ọmọdé. Nítorí náà, akọrin tó kàn ń fa fáwẹ̀lì torí pé ibẹ̀ dùn ún fà lè ti yí ẹsẹ orin padà láì mọ̀.

Èémí náà ń ṣiṣẹ́. "Pal" ni ìṣẹ́jú akàn, "phal" ni èso. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu: "phal" gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn lù ú, "pal" kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ. Ahọ́n ńkọ́? "Daal" tí ahọ́n ti kan ẹ̀yìn eyín jẹ́ irú ẹ̀wà kan. Ẹ ká orí ahọ́n sẹ́yìn kan àjà ẹnu, ó di ẹ̀ka igi.

Ẹnu Yorùbá ní àléébù tirẹ̀ níbí. P tiwa, bíi ti "pákó", ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń pè é. Tiwọn, ètè nìkan ni. Ẹ sọ "bàbá" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ àṣírí, p wọn nìyẹn. Bákan náà, tí a bá rí "din" nínú ìwé, imú la máa ń fi pè é bíi "dín" tiwa, bẹ́ẹ̀ ahọ́n gbọ́dọ̀ kan òkè kí n yẹn dún. A tún máa ń fi fáwẹ̀lì dí ìparí ọ̀rọ̀, kí "phal" di "fálù". Sílébù kan ti lé nìyẹn, ìlù á sì já ẹ sílẹ̀. Àmọ́ fáwẹ̀lì àránmú tó ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu, àwa ti ní in láti ilé: "mein", tó túmọ̀ sí "nínú", kò le fún ẹni tó ń pe "ìyẹn" lójoojúmọ́.

Ní àríwá Íńdíà, khyal, irú orin ìjìnlẹ̀ kan, kò ní ju ẹsẹ mélòó kan lọ: sthayi, apá àkọ́kọ́, àti antara, apá kejì. Nínú ektaal, ìyípo ìlù tó ní lílù méjìlá, tí wọ́n bá lù ú díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lè pẹ́ gan-an lẹ́nu. Kọ́ńsónáǹtì ni kí ẹ yára fi sílẹ̀, kí fáwẹ̀lì máa gbé ohùn lọ. Tí ẹ bá dúró sórí kọ́ńsónáǹtì, ohùn á kú; tí ẹ bá sì gbé e mì, "aa" nìkan ni olùgbọ́ máa gbọ́. Ó níbi tí "aa" ti tọ́, nínú taan, ìyípo ohùn tí wọ́n ń sáré kọ. Tarana pàápàá, irú orin tí sílébù rẹ̀ ò ní ìtumọ̀, pípè tó mọ́ ló ń gbé e dúró.

Gúúsù ló wù mí jù. Tyagaraja (1767–1847), ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin ibẹ̀, gbé ní Tiruvaiyaru láàárín àwọn Tamil, èdè Telugu ló sì fi kọ orin rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ Tamil tó ń kọ ọ́ lónìí náà ní láti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́. Tala ni wọ́n ń pe ìyípo ìlù tí wọ́n ń fi ọwọ́ kà. Adi tala ní lílù mẹ́jọ: ẹ pàtẹ́wọ́ kan, ẹ ka ìka mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti ọmọńdinrín, lẹ́yìn náà ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ yí ọwọ́, kí ẹ tún méjì ìkẹyìn yìí ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú niraval, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dá ohùn lójú ẹsẹ̀, ẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tún kọ léraléra pẹ̀lú ohùn tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí lílù kẹta kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á gé ọ̀rọ̀ sí méjì, ìdajì rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ olórí orin ní Kàtídírà Marina láti 1914 sí 1962, tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn. Orin ìyìn tí a fi Yorùbá há sínú ohùn Gẹ̀ẹ́sì ń pàdánù àmì ohùn, bí "din" ṣe ń pàdánù ìkúkúrú rẹ̀.

Fún ìdánrawò, ẹ máa sọ ẹsẹ náà lórí ìlù láì kọ ọ́, kí ọwọ́ máa ka tala, títí ẹnu ò fi ní kọsẹ̀ mọ́. Ẹ fàmì sí ibi tí ẹ ó ti mí, kó bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, kó má ṣe bọ́ sínú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ohùn sí i. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ fún ẹni tó gbọ́ èdè náà, wọn ò ṣọ̀wọ́n ní Ìlúpéjú, pé kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè kọ, ẹ padà sídìí rẹ̀.