Ìbọn Àgbọ̀nrín tí Kì í Gbá Èjìká Jù: Bí A Ṣe Ra Ti Ìyàwó Mi ní Pennsylvania

Ẹni tó bá ń gbé ní ìgbèríko Pennsylvania, tó sì ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣiṣẹ́, kò lè sá fún ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín. Tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, òun ni wọ́n ń sọ nídìí kọfí, òun náà ni wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Títí di 2018, ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ wọn ní ìparí oṣù kọkànlá, ni ìgbà ọdẹ oníbọn máa ń ṣí, ọ̀pọ̀ iléèwé sì ń ti ilẹ̀kùn torí ẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n sún un wá sí Sátidé. Síbẹ̀, àwọn iléèwé tó ń fún ọmọ ní Mọ́ńdè yẹn kò tíì tán.

Èmi ti ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi lọ tẹ́lẹ̀. Ẹran ń wọlé, a ń fi se ẹ̀gúsí, inú gbogbo wa ń dùn. Ìyàwó mi ló wá sọ lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Bàbá Tóbi, èmi náà fẹ́ máa lọ." Mo rò pé àwàdà ni. Kí n tó mọ̀, ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi dandan mú ọdẹ tuntun láti kọ́ níbí kí wọ́n tó ta ìwé àṣẹ fún un. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ lórí WhatsApp, wọ́n pariwo: "Ṣé oúnjẹ tán ní Amẹ́ríkà ni? Kò sí ọdẹ nínú ìdílé wa rí, ṣé ó wá yẹ kó jẹ́ ara obìnrin ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?" A rẹ́rìn-ín, a sì ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Ìṣòro tó kù ni ìbọn. Tèmi ò bá a mu rárá. .30-06 ni, ọta tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní 1906, tí àwọn bàbá ibí sì gbà gbọ́ pé kò sí irú ẹ̀ láyé. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè níbi iṣẹ́ ló ń sọ pé òun náà ni kí n rà fún un. Ọ̀kan tiẹ̀ ní tí kò bá lè gbà á, kò tíì ṣe tán láti di ọdẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ wò ó, ara kì í gbàgbé ìyà. Ìbọn tó bá ń gbá ènìyàn léjìká gidi, kò ní pẹ́ tí ara á fi máa sá fún un kó tó dún. Ojú á dì, èjìká á ti ara rẹ̀ síwájú, ìka á já tírígà gbà dípò kó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹni náà lè má mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọta tó yẹ kó wọ àyà ẹran, lẹ́yìn apá iwájú, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, á wá lọ bá a ní ìfun. Àgbọ̀nrín tí a yìn ní ìfun á sá wọ inú igbó, á jẹ̀rora fún wákàtí púpọ̀, ọdẹ sì lè wá a títí kó má rí i. Ọta kékeré tó bá ẹ̀dọ̀fóró yóò pa á láìpẹ́. Ńlá tó bá ìfun, ìyà lásán ló fi jẹ ẹ̀dá Ọlọ́run. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn tó bá ní ìbọn tó rọ̀ léjìká jẹ́ ti ọmọdé.

Àmọ́ ká tó dé ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ ìwé wà, èyí sì kan àwa àlejò ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn ọdẹ níbí, bíi ti ọmọ onílẹ̀. Ó máa kún fọ́ọ̀mù 4473, fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ń ra ìbọn, ó máa kọ nọ́ńbà ìwé ìgbélùú rẹ̀ sí i, wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, físà ìbẹ̀wò tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà fún un láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tí kò níwèé rárá, kó má fọwọ́ kan ìbọn ọ̀rẹ́ pàápàá, torí pé dídì í mú ní pápá ìyìnbọn lásán ti tó ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi lè lé ènìyàn kúrò nílùú. Ẹni tó bá sì ń mu igbó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé dókítà ìpínlẹ̀ ló fún un ní káàdì rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fojú ọdẹ wò ó. Fọ́ọ̀mù yẹn bi í léèrè, irọ́ orí ẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ yín bá díjú, agbẹjọ́rò ni kí ẹ bi, kì í ṣe èmi.

Ó yá, ìbọn. Ohun tó ń mú un gbá èjìká kò ṣòro láti mọ̀: bí orí ọta tó ń fò jáde bá ṣe wúwo sí, bó bá ṣe yára sí, bí ẹ̀tù tó ń tì í bá ṣe pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn á ṣe padà sẹ́yìn sí. Ohun tó ń dín in kù jù ni ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀. Ìbọn tó bá fúyẹ́ tó ìdajì èkejì, ìlọ́po méjì agbára yẹn ló máa fi gbá ọ pẹ̀lú ọta kan náà. Ibí ni wọ́n ti ń tan àwọn obìnrin jẹ ní ilé ìtajà. Wọ́n á gbé ìbọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò pé páùn mẹ́fà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní "ẹ wò ó bó ṣe fúyẹ́." Ó fúyẹ́ lóòótọ́, títí dìgbà tí wọ́n bá yìn ín. Ẹni tó máa jókòó sídìí igi láti òwúrọ̀, tí kò ní gun òkè kankan, kí ló fẹ́ fi ìbọn fúyẹ́fúyẹ́ ṣe? Nǹkan bíi páùn méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ, pẹ̀lú awò tó wà lórí rẹ̀, ló bójú mu.

Foot-pound ni wọ́n fi ń wọn bí ìbọn ṣe ń gbá èjìká. .30-06 tèmi, nínú ìbọn páùn mẹ́jọ, ó ń lọ sí 20. .243 Winchester ń lọ sí 9 tàbí 10, ìyẹn bí ìdajì. Ní 1955 ni wọ́n gbé e jáde, ọta .308 ni wọ́n fún ọrùn rẹ̀ mọ́ra láti fi ṣe é. 7mm-08, tó jáde ní 1980, ọmọ .308 kan náà ni, 12 sí 13 ni tirẹ̀. 6.5 Creedmoor, tí Hornady, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta, mú wá ní 2007, kò jìnnà sí ìyẹn. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni mo kọ sórí ìwé, mi ò wá ibòmíràn.

.30-30 náà wà, ìbọn ọ̀gá àgbà tí a ń fi irin abẹ́ rẹ̀ kó ọta sínú. Kì í gbá púpọ̀, ẹwà rẹ̀ sì pọ̀, àmọ́ ìbọn yẹn dára jù nínú igbó dídí tí ẹran wà nítòsí. Ẹni tó bá ń gbé ní Ohio, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, kò lè lo èyí tàbí àwọn mẹ́ta yẹn ní ìgbà ìbọn àgbọ̀nrín, torí ọta tí ara rẹ̀ tọ́ gbọọrọ láìní ọrùn ni òfin wọn gbà. .350 Legend, tí Winchester gbé jáde ní 2019, ni kí ó béèrè, ó sì rọ̀ léjìká gan-an. Ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó náwó. Ní England àti Wales pàápàá, òfin àgbọ̀nrín wọn, Deer Act 1991, sọ pé ihò ìbọn tí a fi máa pa àgbọ̀nrín ńlá kò gbọdọ̀ kéré sí .240 íńṣì ní fífẹ̀, agbára ọta rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò sì gbọdọ̀ dín ní 1,700 foot-pounds. Ìdí nìyẹn tí .243 fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wọn.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń yàn fúnra mi, 7mm-08 ni ǹ bá mú. Orí ọta 140 grain rẹ̀ (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo orí ọta) wúwo tó láti dárí ji ọdẹ díẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, síbẹ̀ kò ní sọ èjìká di egbò. .243 kò fi bẹ́ẹ̀ dárí jini. Ó ń pa àgbọ̀nrín dáadáa, àmọ́ àfi kí ọdẹ ní sùúrù títí ẹran á fi yí ẹ̀gbẹ́ sí i. Ẹni tó bá sì rà á gbọ́dọ̀ wo ara páálí ọta: 95 tàbí 100 grain ni ti àgbọ̀nrín. Èyí tí wọ́n kọ 55 tàbí 58 sí lára, ti ẹran kéékèèké ni, ó máa ń fọ́ yángá ní òkè ara kó tó wọlé.

Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ní èjìká. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, bàbá tó ti ń dọdẹ láti kékeré, kó ìbọn tirẹ̀ wá sí pápá ìyìnbọn. Ó fi .22 kékeré bẹ̀rẹ̀, èyí tí kì í gbá ẹnikẹ́ni, kí ìyàwó mi lè mọ bí tírígà ṣe ń rí lábẹ́ ìka. Lẹ́yìn náà ló gbé .243 fún un, ó wá gbé 6.5. Bàbá yìí ní ọgbọ́n kan: ó ń ki ọta tí kò ní ẹ̀tù mọ́ àwọn tòótọ́ láìjẹ́ kí ìyàwó mi mọ èyí tó kàn. Tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, tí ẹnu rẹ̀ sì já wálẹ̀, gbogbo wa ti rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Pẹ̀lú .243, ẹnu ìbọn dúró gangan. Pẹ̀lú 6.5, ó já díẹ̀. Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ní, ".243 yẹn ni tèmi. Ẹ má wulẹ̀ ki 7mm-08 yín." Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tó kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ni bí ìbọn ṣe bá ara mu. Láti tírígà dé ibi tó kan èjìká, ìbọn àgbà máa ń tó íńṣì 13 ààbọ̀ tàbí kó lé. Ọwọ́ ìyàwó mi kúrú sí i, ó ń na ọrùn kó tó lè rí inú awò, ìdí ìbọn sì ń bọ́ sí apá dípò kó wọ àpò èjìká. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ á dun ènìyàn bó ti wù kí ọta rẹ̀ kéré tó. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní Ruger American ní ti kúkúrú, íńṣì 12 ààbọ̀. Savage àti Mossberg náà ní tiwọn. Gbogbo wọn kì í wọ́n bí ìbọn olówó, wọ́n sì jẹ́ irú tí a ń fi ọwọ́ fa irin rẹ̀ lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Pennsylvania kò fẹ́ ká fi èyí tó ń ki ara rẹ̀ pa àgbọ̀nrín. Awò náà, ẹ rí i pé ó jìnnà sí ojú tó íńṣì mẹ́ta ààbọ̀, kó má baà ṣá yín ní ìpénpéjú.

Ẹni tó ta á fún wa fẹ́ ká de irin oníhò mọ́ ẹnu ìbọn, èyí tó ń tú èéfín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó má baà gbá. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò sẹ́. Ariwo rẹ̀ ni mi ò fẹ́, ó lè ba etí jẹ́, ariwo sì wà lára ohun tó ń mú ara fò. Rọ́bà rírọ̀ nídìí ìbọn la fi sí i, ìyàwó mi sì ń fi ìdìtí kéékèèké sínú etí, kó tún fi èyí ńlá bò ó ní pápá. Nílé, ó máa ń tẹ tírígà lásán sí àmì kan lára ògiri lẹ́yìn tí a bá ti yẹ inú ìbọn wò tí a sì ti gbé ọta kúrò nínú yàrá. Inú àpótí onírin tí a tì ni ìbọn ń sùn, àwọn ọmọ ò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, òfin ní kó wà láìní ọta.

100 yáàdì la tún ojú awò ṣe sí, orí ọta 100 grain la sì fi ṣe é. Páálí mélòó kan irú rẹ̀ gan-an la rà pa mọ́, torí tí a bá yí ọta padà, ibi tó ń bá lè yí, àwọn ilé ìtajà sì máa ń ta á tán bí Thanksgiving bá ti ń sún mọ́lé.