Awọ gángan, pọ̀nmọ́ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nínú láàbù

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀yọ́ níbí, kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Iṣan apá wọn ò dáa tó fún abẹ́rẹ́ ńlá yẹn, ni dókítà bá fi rọ́bà sábẹ́ awọ kí wọ́n lè máa ríbi gún, kò ju oṣù díẹ̀ lọ ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹ̀, ó dí pa, wọ́n yọ ọ́ wọ́n fi òmíràn sí i. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka gbogbo nǹkan tí mo bá rí nípa iṣan ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá.

Rọ́bà yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú iṣan tó fẹ̀, àmọ́ tí ihò ẹ̀ bá ti kéré ju mìlímítà 6 lọ ẹ̀jẹ̀ tètè ń dì sí i. Sẹ́ẹ̀lì ara ò mọ̀ ọ́n. Kọ́lájìn ni wọ́n mọ̀, purotéènì tó wà nínú pọ̀nmọ́, òun náà ló wà nínú awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà sójú gángan ní Ọ̀yọ́. Awọ yẹn lódidi, ẹ fọ̀pá lù ú dòru, kò ní ya. Àmọ́ ẹ sè é títí tó fi yọ́, tó bá tutù á dì bí ẹ̀kọ, ìka lásán á fà á ya, torí fọ́nrán ẹ̀ ti tú. Ti láàbù, ásíìdì ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́, kì í ṣe iná, síbẹ̀ rírọ̀ náà ló ń rọ̀. Ní 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Weinberg àti Bell fi kọ́lájìn àti sẹ́ẹ̀lì màlúù ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àfi ìgbà tí wọ́n fi àwọ̀n Dacron, ìyẹn òwú oníke, há a láàárín kó tó gbára dì.

Ibẹ̀ ni pọ́límà ti wọlé, irú ike tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, bíi PCL. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi iná mànàmáná tó le gan-an fà á jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ bí ìgbà tí àwọn ìyá àgbà ń ran òwú, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, á máa wé mọ́ ọ̀pá tó ń yí. Wọ́n lè pò ó mọ́ kọ́lájìn, tàbí kí kọ́lájìn wà nínú kí PCL wà níta.

Agbára nìkan kọ́ o! Tó bá le jù, iṣan ara á máa fẹ̀ á máa sún kì bí ọkàn ṣe ń lù, tàtọwọ́dá á dúró gbagidi, ẹran á wá hù sójú ibi tí wọ́n rán pọ̀ títí á fi dí. Ó gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ kó máa padà bí ìgbà tí onílù ń fún ọṣán gángan tó tún ń tú u sílẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ tètè yọ́ tán. PGA, pọ́límà mìíràn, ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí agbára ẹ̀ fi ń lọ, PCL lè lò tó ọdún méjì, bíi pákó tí bíríkìlà fi gbé dẹ́kìn ró ni, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kí kọnkéré tó gbẹ ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ní December 2024 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Symvess, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe nínú láàbù, sẹ́ẹ̀lì èèyàn ni wọ́n gbìn sórí àwọ̀n PGA, àwọ̀n yẹn yọ́ lọ, wọ́n fọ sẹ́ẹ̀lì kúrò, ó wá ku purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn hun. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi lóru. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ṣá, kò tíì kan àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ la tún ń lọ. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ gbé ìka lé apá wọn, á dákẹ́ díẹ̀, á máa wò ó bóyá rọ́bà tuntun yẹn ṣì ń gbọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbà á kọjá.