Fẹ́ǹsì tó wà láàárín èmi àti Àlàájà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan fẹ́ǹsì tó wà láàárín òun àti aládùúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà o.

Ilé tí mo rà l'Áṣerò wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Abẹ́òkúta ṣe rí, omi òjò á máa ti orí àpáta bọ̀, kò ríbi gbà, fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé mi ló ń dá a dúró. Nígbà tó máa fi di òjò ọdún kejì ògiri yẹn ti ń tẹ̀ sọ́dọ̀ Àlàájà tó wà nísàlẹ̀ mi. Bíríkìlà ní ká dá ihò sí i lẹ́sẹ̀ kí omi lè máa jáde, ká sì fi kóòsì mẹ́ta, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, kún un lókè nítorí olè.

Mo lọ bá Àlàájà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ ṣáà ṣe é." Èmi rò pé ó parí nìyẹn.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin la tíì yọ tí bọ̀dá kan já wọlé, ó ní ta ló ní ká máa wó ògiri bàbá àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ilé yẹn kì í ṣe ti Àlàájà rárá, bàbá ti kú, ìdí igi mẹ́ta, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó mẹ́ta, ló ni ogún yẹn, Àlàájà kàn ń gbébẹ̀ nítorí ọmọ wọn ni. Ní àṣà tiwa ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o, ọkàn mi ò ṣáà lọ síbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ògiri tèmi ni mo pè é, ṣebí mo bá a nínú ilé tí mo rà. Sọ̀fíyọ̀ dé, ó to pílánì méjèèjì síra, ó ń wá bíkìn, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n fi ń sàmì ààlà ilẹ̀, abẹ́ ààtàn la ti hú u jáde. Inú ilẹ̀ tiwọn ni ògiri yẹn wà látòkè délẹ̀!

Kàdúná ni dáwódù wọn wà, orí fóònù la ti sọ̀rọ̀. Kò bínú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Omi tẹ́ ẹ fẹ́ dá ihò fún yẹn, ibo ló ń lọ?" Ilé ìdáná Àlàájà ni. Ojú tì mí gan-an. La bá fagi lé ihò, mo la gọ́tà sí ọ̀dọ̀ tèmi títí dé títì, mo sì tún ibi tó ti tẹ̀ mọ, owó mi ni, ògiri ṣì jẹ́ tiwọn.

Gbogbo ẹ̀ la kọ sílẹ̀, bó ṣe máa ga tó, ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́, ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, alága lándìlọ́ọ̀dù àdúgbò ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ tún dé ọ́fíìsì pílánínìn ìjọba o, kí wọ́n má baà fi ọ̀dà pupa kọ "STOP WORK" sára ẹ̀, ìwé aládùúgbò ò dípò tìjọba, tìjọba náà ò sì dípò ti aládùúgbò.

Mo ṣì ń jẹ mọ́ínmọ́ín Àlàájà. Àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n yá mi ní àkàbà báyìí, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́wọ́ dáwódù.